Ẹ̀bẹ̀ Kì Í Dá Oṣù Dúró: Ẹni Tí Wọ́n Lé Níṣẹ́ àti Gbèdéke Tó Ń Pa Ẹjọ́ Rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní ìlú Ìyàrá, ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ọdún 2014 ṣì wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ títí dòní. Àwòrán orí rẹ̀ ti ṣá, igun rẹ̀ ti ká kò, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ó fi bírò pupa yí ọjọ́ 11 oṣù kẹta po. Ọjọ́ náà ni mẹ́séńjà mú lẹ́tà wá bá a ní sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó tún yí ọjọ́ 11 oṣù kẹfà po. Kò sí ohun kankan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì yìí, ìdí gan-an tó fi yí i po nìyẹn.

Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní ogójì àpò símẹ́ńtì dín nínú ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó kó ẹrù ìjọba tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ. Kò fojú kan ìgbìmọ̀ kankan. Kúrì kan ṣoṣo, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè àlàyé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ni wọ́n fún un, ó sì dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó so ìwé mọ́ ọn pé ọ̀gá kan ló ní kí wọ́n kó símẹ́ńtì náà jáde. Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí adájọ́ kankan tó bi í léèrè ibi tí símẹ́ńtì wọlẹ̀ sí.

Kò jókòó kalẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì tó yí po náà o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lọ bá àna ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ní Kàbà. Lọ́sẹ̀ kejì, àgbà mẹ́ta láti ìlú rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Lọ́kọ́ja pẹ̀lú iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa, wọ́n sì bẹ ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà nínú pálọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀, ó fún wọn ní mínírà tútù, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun pàápàá, kí wọ́n jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Ó dé ààfin. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìlú kan tó wà nípò ní Abuja. Èsì kan náà ló ń ti gbogbo ibẹ̀ wá: ṣe sùúrù, a ti ń bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dárúkọ lọ́yà, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó lọ bẹ̀bẹ̀ ló dá a lẹ́kun: a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.

Òpin oṣù kẹfà ló tó gbé lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, obìnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Kàbà. Ó ti múra láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì. Obìnrin náà kò béèrè símẹ́ńtì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ gba lẹ́tà yìí?" Ó ka oṣù lórí ìka, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Wọ́n ṣáà pẹjọ́ lọ́jọ́ 2 oṣù keje. Lọ́yà ìjọba kò tilẹ̀ fèsì sí ohun tó wà nínú ìwé ìpẹ̀jọ́. Ohun tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni àtakò kan: wọ́n fún olùpẹjọ́ ní lẹ́tà lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta, oṣù mẹ́ta ló ní, ó ti fi ọjọ́ mọ́kànlélógún kọjá. Adájọ́ wo déètì méjì, ó sì fagi lé ẹjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì wákàtí.

Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó ni òǹtẹ̀

Public Officers Protection Act lorúkọ òfin tó pa ẹjọ́ rẹ̀, òfin ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí orúkọ yẹn má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bò kì í ṣe ẹni tí wọ́n lé lọ, ẹni tó lé e ni. Ohun tó sọ kò ṣòro láti lóye: bí ẹnì kan bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe nídìí iṣẹ́ rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí ìgbà tó ṣe é ni kó ti pè é. Ọdún 1916 ló dé ilẹ̀ wa, nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ní irú rẹ̀ láti 1893, àmọ́ ní 1954 wọ́n ní tiwọn kò dára mọ́, wọ́n pa á rẹ́. Tiwa ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ṣe irú tiwọn.

Mi ò ní purọ́ mọ́ òfin náà pé kò ní ìdí. Ẹni tó bá di ipò mú lónìí lè ti kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Fáìlì ń sọ nù, ikán ń jẹ ìwé, ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè kú. Òfin ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná. Ibi tó ti bà jẹ́ ni pé oṣù mẹ́ta kéré ju bí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lọ. Oṣù àkọ́kọ́, ojú ń tì í láti sọ fún àwọn ará ilé. Oṣù kejì, ó ń wá owó ilé ìwé. Oṣù kẹta ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

Àwọn kan máa ń rò pé ènìyàn nìkan ni òfin náà ń bò, pé bí ẹjọ́ bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, kò kàn án. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti parí ìyẹn ní 1998, nínú ẹjọ́ tí Ibrahim pe ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ adájọ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Wọ́n ní àjọ, ìgbìmọ̀, iléeṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ni òṣìṣẹ́ ìjọba lójú òfin yìí. Láti ìgbà náà ni ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn ìjọba àti ìjọba ìbílẹ̀ ti ń sá sábẹ́ agboorùn yẹn. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, adájọ́ kò lágbára láti fi kún un, ì báà jẹ́ pé àánú ẹni náà ń ṣe é. Ní South Africa, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ ní láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń parí ìjà òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, àmọ́ ẹni tó pẹ́ lè ṣàlàyé ìdí tó fi pẹ́, kí wọ́n sì gbà á wọlé. Oṣù mẹ́ta tiwa kò ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà, ilẹ̀kùn tó yẹ kó gbé e gbà ló ti tì.

Ẹ̀bẹ̀ náà ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìwọ̀ oòrùn Kogí, gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ẹjọ́ kan wà tí Eboigbe pe iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba àpapọ̀, tí Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ní 1994. Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú ni, kì í ṣe ti iṣẹ́, àmọ́ òfin iléeṣẹ́ náà fún un ní gbèdéke oṣù 12. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, oṣù ń lọ. Nígbà tó dé kóòtù, ó ní àwọn ṣì jọ ń dúnàá-dúrà ni. Ilé ẹjọ́ ní ìdúnàá-dúrà kì í dá àkókò dúró: ẹni tó bá fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ lè máa bẹ̀bẹ̀, àmọ́ kó pẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹnì kejì bá jẹ́wọ́ nínú ìdúnàá-dúrà pé lóòótọ́ lòun jẹ̀bi, ìyẹn lè yí nǹkan padà. Ta ló ń jẹ́wọ́ ní pálọ̀ tí wọ́n ti ń mu mínírà tútù?

Ẹ wo bí iṣẹ́ olówó oṣù ṣe rí lọ́dọ̀ wa, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, dé Mọ̀pà, dé Kàbà. Tíṣà ni, nọ́ọ̀sì ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni. Ìjọba ni agbanisíṣẹ́ tó pọ̀ jù. Àti pé ẹni tó di òǹtẹ̀ ìjọba mú kì í ṣe àjèjì: ọmọ ìyá ìyàwó ẹnì kan ni, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni, ẹ jọ wọ ilé ìwé kan náà ni. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gba ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́yà, ọ̀nà ilé àgbà ló ń gbà. Èmi ò rí àléébù nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló sì ti padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òwe "a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́", àwọn tó jọ ń pín ààlà oko ni wọ́n pa á fún. Ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà ìdádúró kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi owó ara rẹ̀ dáhùn ẹjọ́. Òun náà mọ òfin oṣù mẹ́ta, tàbí ó ní lọ́yà tó mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ibi tí "ẹ jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ná" ti jẹ́ inú rere, mo sì ti rí ibi tó ti jẹ́ kíka oṣù.

Ohun tó yí padà

Ìròyìn tó yẹ kó ti dé gbogbo abúlé ní ìwọ̀ oòrùn Kogí, tí n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ni pé Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti yọ eyín òfin yìí nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ajibola Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá ló pe àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ wọn. Àjọ náà ní oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ìdájọ́ náà, tó jáde nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ ti 2019, ní àdéhùn ni iṣẹ́ jẹ́ láàárín ẹni méjì, pé òfin ìdáàbòbò òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì sí fún ọ̀rọ̀ àdéhùn. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kan náà tẹ̀ lé ìdájọ́ yìí nínú ẹjọ́ tí Idachaba àti àwọn mìíràn pe yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Makurdi. Ẹni tó bá wá láti Kogí á gbọ́ Ìgálà nínú orúkọ yẹn kó tó ka ìdájọ́ rẹ̀ rárá.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bí ìjọba bá lé ẹnì kan níṣẹ́ lónìí, tó sì pẹjọ́ ní oṣù karùn-ún, ilẹ̀kùn kò ní tì mọ́ ọn nítorí òfin 1916 nìkan. Ìyípadà ńlá ni, nítorí iṣẹ́ ìjọba tí òfin dúró tì, èyí tí òfin fúnra rẹ̀ la ọ̀nà gbígbà àti lílé sílẹ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ mìíràn. Nínú rẹ̀, kóòtù lè sọ pé lílé náà kò tilẹ̀ wáyé lójú òfin, kí ènìyàn padà sórí àga rẹ̀, kí wọ́n san owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ní 1985, Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá Olaniyan àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn ní Yunifásítì Èkó báyìí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé àga lọ sábẹ́ igi láti lọ sinmi. Lọ́yà ìjọba ṣì ń kọ àtakò oṣù mẹ́ta ránṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ó lè máà dúró, àmọ́ kí wọ́n tó jiyàn rẹ̀ tán, oṣù mélòó kan á ti lọ, owó mọ́tò olùpẹjọ́ á ti tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin 1916 nìkan kọ́ ló ní gbèdéke. Àwọn àjọ ńlá kan ní tiwọn nínú òfin tó dá wọn sílẹ̀, bí oṣù 12 tí Eboigbe kọsẹ̀ lára rẹ̀. Òfin àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan àti ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan máa ń ní kí olùpẹjọ́ kọ́kọ́ fi ìwé sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú kó tó pẹjọ́. Ẹni tí kò bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá ẹjọ́ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì ń dúró kí oṣù ìwé náà pé lè bá gbèdéke mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àdéhùn pàápàá ní òpin tirẹ̀: ọdún márùn-ún ni nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan, mẹ́fà nínú ti òmíràn. Ní Èkó, mẹ́fà ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń dun lọ́yà nínú ju déètì lọ: owó ìkádìí iṣẹ́. Ebi ń pa ènìyàn, wọ́n pè é pé kó wá gba ṣẹ́ẹ̀kì, ó lọ gbà á, ó buwọ́ lùwé pé òun ti gba ohun gbogbo tó tọ́ sí òun. Ó ti lè pa ẹjọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ló gbà á síṣẹ́. Lójú kóòtù, ẹni tó gba owó ìdágbére kò lè padà wá sọ pé ìdágbére náà kò tọ̀nà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí òfin dúró tì, ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kí lèèyàn ń dán an wò fún?

Nípa iléeṣẹ́ aládàáni, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin oṣù mẹ́ta kò fìgbà kan kàn wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì ti pa ẹjọ́ tì nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé "oṣù mẹ́ta ti kọjá". Ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ọ̀gá aládàáni lè dá ènìyàn dúró láìsọ ìdí, bó bá ṣáà ti fún un ní àkókò ìkìlọ̀ tó yẹ tàbí owó rẹ̀. Nínú òfin iṣẹ́, Labour Act, àkókò yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lo ogún ọdún, owó oṣù kan! Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́ láti ọdún mélòó kan wá. Wọ́n ní kò bójú mu mọ́ kí ọ̀gá lé ènìyàn láìsọ ìdí, wọ́n sì ń tọ́ka sí àdéhùn àgbáyé nọ́ńbà 158 tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ṣe ní 1982, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kò tíì buwọ́ lù ú. Àdéhùn yẹn tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ náà mẹ́nu kan àkókò: ó ní ẹni tí kò bá gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá láàárín ìgbà tó mọ níwọ̀n, wọ́n lè kà á sí pé ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àwọn tí kò gba lẹ́tà

Ó kù àwọn tó ní ìṣòro tó lọ́jú pọ̀ jù. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti yọ òṣìṣẹ́ àfẹnujẹ́, orúkọ tó ń gbowó láìsí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kúrò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì wọ ẹnu ìyálọ́jà àti ọlọ́kadà ní ilẹ̀ Òkun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀: "cleared", ẹni tó yege nínú àyẹ̀wò, àti "uncleared", ẹni tí kò yege. Wọ́n á bi ọ́ ní ọjà Kàbà pé ṣé ọkọ rẹ ti "cleared", bí ẹni ń béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló lo oṣù púpọ̀ láìrí owó oṣù. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé "a ti lé yín". Owó ló kàn dáwọ́ dúró, orúkọ ni wọn kò rí lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ìgbà wo lèèyàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ní irú ibẹ̀? Ṣé ọjọ́ tí álàáàtì kò wọlé ni? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé ni? Òfin ní ọjọ́ tí ohun tí ènìyàn ń pẹjọ́ lé lórí ṣẹlẹ̀ ni, déètì yẹn àti déètì tó wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́ ni adájọ́ á sì gbé síra wọn. Bí ìpalára bá jẹ́ èyí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí kì í ṣe pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì tán, kóòtù máa ń gbà pé àkókò kò tíì tán. Àmọ́ gbogbo lọ́yà ìjọba ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀, pé ìyà rẹ̀ nìkan ló ń bá a lọ. Orí ìyàtọ̀ méjì yìí ni wọ́n ń jà lé, ìjà náà sì gba owó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan. Bí wọ́n bá fún ọ ní lẹ́tà, wo déètì orí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé ó ti sùn ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́ja. Bí mẹ́séńjà bá gbé ìwé kí o buwọ́ lù ú pé o ti gbà á, kọ déètì àti aago síwájú orúkọ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyè fún un nínú ìwé rẹ̀. Má ju àpò ìwé nù. Bó bá jẹ́ orí WhatsApp ló gbà wá, ya àwòrán rẹ̀ kí fóònù tó bọ́ sómi. Ọ̀rẹ́ mi mọ ọjọ́ tirẹ̀ dáadáa, ìyẹn kọ́ ló pa á. Àmọ́ mo mọ obìnrin kan, tíṣà ni, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin láàárín déètì lẹ́tà àti ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló gbà á là. Déètì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ni kóòtù dì mú.

Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ náà kò jìnnà bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣàtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí ààrẹ buwọ́ lù ú ní oṣù kẹta 2011, National Industrial Court nìkan ló láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́. Ó ní ẹ̀ka ní Lọ́kọ́ja. Ará Kàbà tó bá jí ní kùtùkùtù, tí tírélà kò sì dí ọ̀nà mọ́ ọn ní Ọbájànà, lè débẹ̀ kí kóòtù tó jókòó. Ará Ẹ̀gbẹ̀ ní láti lọ sùn sọ́dọ̀ ẹbí. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù mìíràn nítorí pé ó sún mọ́ ilé, wọ́n á ní kó máa lọ, ọjọ́ tó sì fi ṣòfò níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kù fún un.

Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Wọ́n fagi lé ẹjọ́ tirẹ̀ ní 2015. Nígbà náà, ohun tí gbogbo lọ́yà ń sọ ni pé ìdájọ́ National Industrial Court kò ṣeé gbé lọ sí kọ̀tẹ́milọ́rùn àyàfi lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Oṣù kẹfà 2017 ni Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó sọ, nínú ẹjọ́ Skye Bank àti Victor Iwu, pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbé lọ. Oṣù mẹ́ta kan náà sì lèèyàn ní láti pe ẹjọ́ kọ̀tẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ tó ti parí. Tirẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ìdájọ́ Johnson wá dé. Obìnrin lọ́yà ní kó wá, ó ní àkókò kọ̀tẹ́milọ́rùn yàtọ̀, kóòtù lè fi kún un bí àlàyé bá wà, àmọ́ àwọn máa ní láti ṣàlàyé gbogbo ọdún tó ti kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi bi í ní iye tó máa ná òun. Ó sọ fún un. Ó dúpẹ́, ó wọ ọkadà, ó padà sí Ìyàrá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kejì wà ní Manchester, ó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Lóṣù tó kọjá, mo wà ní pálọ̀ yẹn nígbà tó pè lórí fídíò, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta, lórí ímeèlì. Ó ní òun ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ọ̀gá, mánéjà sì ní kí òun ṣe sùúrù, pé àwọn á dá òun lóhùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta tó dín ọjọ́ kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní òpin 2025 fẹ́ sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá kì í dá a dúró lọ́hùn-ún náà. Àmọ́ àjọ ìlàjà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Acas: ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn, láti ọjọ́ tó bá sì ti fi orúkọ sílẹ̀ títí wọ́n fi máa fún un ní ìwé ẹ̀rí, ọjọ́ kì í rìn. Òfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyè fún ìpẹ̀.

N kò tíì sọ gbogbo èyí lẹ́nu nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ohun tí màá fi tu ọmọ náà nínú ni. Bàbá rẹ̀ kò tù ú nínú, kò bi í ní ohun tó ṣe.

"Ọjọ́ wo lo rí ímeèlì yẹn gbà?"

"Dàdí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Ọjọ́ wo?"

Ó wo fóònù rẹ̀, ó dárúkọ ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti dìde, ó ń wá bírò.